Ìyá Mi Kọ́ Ló Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń La Ẹja

Bàbá mi, ẹni tí mi ò pè tó nígbà tí ẹ ṣì ń dá mi lóhùn,

Ṣé iṣẹ́ bàbá rẹ ṣì ń tì ọ́ lójú ni?

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Màmá ló bi mí lórí fóònù. Wọn ò pariwo, wọn ò sì bú mi. Ńṣe ni wọ́n béèrè bí ẹni ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá, Màmá, kí lẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tí ọmọ mi ti sùn, màá tan fìtílà orí tábìlì, màá ṣí ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan ọjọ́ sí, màá sì jókòó tì í láìkọ nǹkan kan. Lónìí ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ ọ́ sí. Mi ò mọ̀ bóyá òkú máa ń ka lẹ́tà. Mo ti ka ìwé àwọn tó ní ó ń kà á, mo ti ka ti àwọn tó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dá àwọn méjèèjì lójú jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé ẹ ń gbọ́.

Tiwa ni orúkọ ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ẹ ò rí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Toronto ni mo bí i sí. Rexdale, àdúgbò kan níbẹ̀, là ń gbé, ní àjà kẹsàn-án ilé gíga kan tí lífíìtì rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Newmarket, níbi tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Yorùbá ni mo ń bá Tiwa sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Mò ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún yín níhìn-ín, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ tó yẹ sí i fúnra mi.

Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, òun ló ní kí a rìnrìn àjò. Òun ló yan etíkun Ítálì, òun náà ló rí obìnrin àgbàlagbà kan lórí fóònù tó ń kọ́ àwọn àlejò ní oúnjẹ sísè nínú ilé ara rẹ̀, ènìyàn mẹ́fà péré lẹ́ẹ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó fi hàn mí, ẹ̀rín tí kò dénú. Ẹ rántí àwọn ọjọ́ Sátidé, Bàbá? Ẹ ó na aṣọ ìdáná kékeré yẹn sí mi, èyí tí ẹ fúnra yín gé kù kí ó lè bá mi mu. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ fún yín pé mò ń kàwé. Ẹ ó ní ó dáa, ìwé ló ṣe pàtàkì jù, ẹ ó sì dá nìkan padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo kọ̀ lọ́wọ́ yín ni mo wọ bàálù lọ kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ilé náà wà lórí òkúta, lókè òkun, pẹ̀lú igi lẹ́mọ́ọ̀nù lójúde. Pina ni obìnrin náà ń jẹ́, ó sì ní kí gbogbo wa máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹnu mi ò gbà á. Mo pè é ní Màmá Pina. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wa ló ti ń pè é ní Màmá Pina: tọkọtaya arúgbó kan láti Scotland, ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́, Tiwa àti èmi.

Ọwọ́ fífọ̀ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó nu ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rin aṣọ kan, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó tí a fẹ́ gé nǹkan lé, kí pákó má baà yọ̀. Ó kán ọbẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ kó tó tọ́ ọ wò. Mo dúró, mò ń wo obìnrin òyìnbó kan tó ń ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

A po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin, a fi igi yí i kó lè fẹ́lẹ́. Ti bàbá Scotland yẹn le. Màmá Pina gbé e sókè, ó wò ó níwá lẹ́yìn. “Èyí dára,” ó ní. “Mo ní bàtà kan tó ń fẹ́ àtúnṣe.” Ìyàwó bàbá náà ló rẹ́rìn-ín jù.

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹja dé, irú ẹja òkun kan tó fẹ̀ bí èpìyà. Ó la ọ̀kan kí a rí i, ó ní kí ẹni tí kò bá bẹ̀rù dán an wò. Ọwọ́ mi ti na sí ọ̀bẹ kí n tó rò ó. Mo gé e lẹ́yìn orí, mo yí i, mo ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ láti ìdí ìrù, mo jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ máa fara ra egungun ẹ̀yìn lọ. Egungun náà jáde lódidi. Mo wá fi ìka tọ ẹran ẹja náà, nítorí ẹ máa ń ní ojú kì í rí egungun, ìka ló ń rí i. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti la ẹja bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ní Rexdale, ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti máa ń bá wa gé e.

Màmá Pina pa iná gáàsì. Ó gbé ẹja náà, ó wò ó lójú ìmọ́lẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

“Èyí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kàn ń dáná nílé,” ó ní. “Ẹni tó kọ́ ẹ, iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni.”

Mo ní: “Ìyá mi ni.”

Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, Bàbá. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ àdúgbò wa, tàbí tó mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọkùnrin tó ń dáná fún ọ̀gá. Ká ní mo dárúkọ yín, wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún yín. Kí ni mò ń sá fún? Irọ́ náà kàn wà nítòsí, bí ìgbà tí ọwọ́ bá mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú òkùnkùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Màmá Pina gbé ife sókè nítorí gbogbo ìyá ayé, èmi náà gbé tèmi. Tiwa ti ń ya fídíò láti ìgbà tí mo ti mú ẹja.

Òun ló fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá pè wá. A wà ní ilé ìdáná, a gbé fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́.

“Tiwa, ìgbà wo ni ìyá rẹ di onírọ́?” Màmá ń rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹja lílà? Èmi tí mo máa ń gbé ẹja kalẹ̀ de bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó ti ibi iṣẹ́ dé? Ọjọ́ tí mo dán an wò, díẹ̀ ló kù kí n gé àtàǹpàkò mi. Wọ́n ní ìyá oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ ta aṣọ yín.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè náà. Tiwa ń gbọ́. Ó ń nu àwo.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi gbé e mì. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní: “Mọ́mì, irú iṣẹ́ wo ni Grandpa ń ṣe gan-an?”

Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín. Òun náà ni mo máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí èmi fúnra mi wà nílé ìwé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́, ṣebí ìjọba ló gbà yín síṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un lánàá. Mo ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ fi dáná ní ilé àlejò ìjọba ní Ìbàdàn, fún àwọn ọ̀gá tó ń ti Èkó wá àti àwọn òyìnbó tó ń kọjá lọ.

Ojú rẹ̀ tàn. “Grandpa jẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù?”

Bàbá, ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ó mọ́ tónítóní, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ jẹ́ ẹ nísinsìnyí. Mo ní rárá, kúkù ni, ẹni tó ń dáná fún ọ̀gá. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Mo sọ bí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń tò lẹ́yìn mi bọ̀ wálé: “Ọmọ kúkù, ajẹ-àjẹkù àlejò, kí ni bàbá ẹ mú bọ̀ lónìí?” Mo rò pé ó máa ṣàánú mi.

Ó ti àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ní kíláàsì kẹta,” ó ní, “wọ́n ní ká ya àwòrán ẹnì kan nínú ìdílé wa. Mo ya Grandpa. Mo ya tábìlì ńlá fún wọn, mo ya táì sí wọn lọ́rùn. Mo dúró níwájú gbogbo kíláàsì, mo ní ọ́fíìsì ni wọ́n ń lọ.” Ó wò mí. “Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́.”

Mo wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́.

“Ṣé ó tún ku nǹkan kan?” ó ní.

“Kò kù.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó bọ́ sí yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ó kù, Bàbá. Ẹ̀yin àti èmi la mọ̀ ọ́n, a ò sì sọ ọ́ láàárín ara wa rí.

Ọdún kejì mi ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá wò wá. Ẹ ti sọ pé ẹ ò ní lè wá, nítorí náà mi ò retí yín. Èmi àti Bímpé, ọ̀rẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Mo rí aṣọ funfun yín láti ẹnu géètì, èyí tó ní bọ́tìnnì tó ń dán. Láti ibi iṣẹ́ lẹ ti sáré wá. Ẹ gbé fúláàsì oúnjẹ dání, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ta ni bàbá yẹn?” Bímpé ní.

Mo ní: “Kúkù wa ni. Dádì ló rán wọn.”

Mo rò pé ẹ ṣì jìnnà. Ẹ ò jìnnà tó. Mo rí i ní ẹsẹ̀ yín: ó dúró, ó sì tún rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn tí ẹ fi wọlé mọ́, ìrìn ibi iṣẹ́ ni. Ẹ nu bẹ́ǹṣì. Ẹ tẹ́ aṣọ. Ẹ bu oúnjẹ fún èmi àti Bímpé, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ẹ dúró. Bímpé ní omi ńkọ́, ẹ bu omi fún un. Nígbà tí a jẹun tán, ẹ kó àwo, ẹ tẹrí ba díẹ̀ fún mi.

“Dádì ní kí n kí yín, màdáàmù kékeré,” lẹ wí. “Wọ́n ní kí ẹ múra sí ìwé yín.”

Mo sì dá yín lóhùn. Mo ní: “Ẹ bá mi kí wọn.”

Kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ jáde ní géètì? Ṣé ẹ jókòó níbì kan? Ṣé ẹ sọ fún Màmá, àbí ṣe ni wọ́n rí i lójú yín? Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi mí ni bóyá ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn tó èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ó tó, sà. Ẹ ò fi aṣọ funfun wá sí ilé ìwé mi mọ́. Títí mo fi wá sí Kánádà, títí ẹ fi kú nígbà tí mo ṣì ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó wá wò yín, mi ò dárúkọ ọjọ́ náà. Ṣé ẹ ń dúró kí n dárúkọ rẹ̀?

Bí Màmá bá tún bi mí, màá sọ pé iṣẹ́ yín kọ́ ló ń tì mí lójú. Èmi tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń jẹun ni.

Mò ń ṣiyèméjì nípa lẹ́tà yìí náà. Ó rọrùn láti jẹ́wọ́ fún ẹni tí kò lè bi mí léèrè. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wà ní yàrá kejì, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó má wo ojú mi mọ́ bó ṣe ń wò ó. Ó ṣeé ṣe kó máa rò ó lọ́jọ́ kan pé kí ni òun náà máa pè mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun, kò sì ní sí ohun tí mo lè sọ.

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti kọjá nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Tiwa nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí n sọ ohun tí mo pè yín fún un, kí n sì sọ ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn, láì yọ ọ̀kan kúrò.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ bí, tí mo fẹ́ràn yín láìjẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa fìtílà.