Orin Tó Ń Dúró De Ẹ̀gbọ́n Yín

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Okun o. A ṣe ìdúpẹ́ ọdún kan tí ẹ ti papò dà ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Iṣu ta lọ́dún yìí, iyán sì pọ̀. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti rí kókó nínú rẹ̀, torí kò sí iyán ẹlòmíràn tí kì í ní kókó lẹ́nu yín.

Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn yín, ti Jọ́ọ̀sì gbé giramafóònù bọ̀. Ó ra rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn akọrin kan ti kọ orin ìdúpẹ́ yín gan-an, èyí tí ẹ máa ń dá fún gbogbo ìdílé tó bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Inú mi dùn sí i. Èmi ni wọ́n ti ní kí n dá a tẹ́lẹ̀, ohùn mi sì jọ tiyín débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò kọrin mọ́, kódà nídìí òfì. Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, ẹkún ni yóò jáde.

Ẹ̀rọ kì í sunkún ní tirẹ̀. Ohùn inú rẹ̀ dán, kì í há, kì í sì í húkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ bíi tiyín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ikọ́ yẹn la fi ń mọ̀ pé orin ń bọ̀?

Àbúrò mi yí ọwọ́ ẹ̀rọ, orin bẹ̀rẹ̀, a ń jó lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ló kẹ́yìn, tòun ti ọ̀pá àti orúnkún tó ń dùn ún. Ẹ kì í jẹ́ kí orin parí kó tó débẹ̀, àbí ẹ ti gbàgbé? Ẹ ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó máa tún ìlà kan náà kọ títí yóò fi ju ọrẹ sínú àwo. Rẹ́kọ́ọ̀dù ò mọ ẹ̀gbọ́n yín. Àárín ṣọ́ọ̀ṣì ló wà tí orin fi tán. Ojú tì í, ó fẹ́ padà.

Mi ò ronú mọ́. Mo húkọ́, mo gbé e. Ohùn mi há níbì kan, ẹkún dà pọ̀ mọ́ ọn, mo ṣáà ń kọ ọ́ lọ. Bó bá gbẹ́sẹ̀, mo kọ. Bó bá sinmi, mo fà á. Àbúrò mi pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó ń gbè é.

Nígbà tó dé pẹpẹ, ẹ̀gbọ́n yín yíjú sí mi, ó sì fi orúkọ yín pè mí. Mo jẹ́ ẹ.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti ń húkọ́ bíi tiyín báyìí.