Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Onílé Rẹ Nínú Fóònù

Agboolé Àrówólò,
Ìnísà.

Tàófíìkì ọmọ mi,

Ìwọ ńkọ́, Sherifa ìyàwó rẹ ńkọ́, oyún inú rẹ̀ ńkọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yín ní Tudu ní Accra ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ gbún jàǹbá lójú títì, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó rẹ á sì tutù bí omi àmù. Àwa náà wà láyọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọ̀, ó tún ti ń ya ilé onílé kiri, èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an níwájú orí, ṣùgbọ́n má sọ fún un.

Nàfísátù àbúrò rẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo dá ọ lóhùn títí, o kò dúró gbọ́, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni, mo sì gbà pé ìbínú ló fà á. Mo gbọ́ pé òjò ń jò sórí ibùsùn yín ní Kokomlemle, pé o sọ fún Máàmì Afua onílé rẹ títí kò tún un ṣe, òun ní abọ́ tẹlifíṣọ̀n tí o kàn mọ́ òkè ló lu òrùlé náà. O wá mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń parí ìjà onílé àti ayálégbé, inú bí obìnrin náà, ó ní kí ẹ kó jáde kí oṣù yìí tó parí.

Ọmọ mi, oorun kò kùn mí mọ́. Obìnrin tó ti sún mọ́ ìkúnlẹ̀, ibo ni yóò gbé ẹrù gbà? Mi ò mọ ohun tí òfin Ghana wí, ó lè jẹ́ ìwọ lo jàre, àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ọmọ bá sì ṣẹ àgbàlagbà, bàbá rẹ̀ ni í lọ bẹ̀bẹ̀. Ọ̀nà Accra ti jìn fún eegun mi, àmọ́ Nàfísátù ní òun ṣì ní nọ́ńbà Máàmì Afua láti ọjọ́ Ìléyá tó bá wa sọ̀rọ̀, pé a lè pè é kí a máa rí ojú ara wa.

Mo wẹ̀, mo wọ agbádá tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ. Mo ní kí Nàfísátù ra dátà tó pọ̀, kó má lọ tán nígbà tí mo bá ṣì wà nílẹ̀, nítorí a kì í dọ̀bálẹ̀ ní ààbọ̀. A gbé fóònù náà jókòó sórí àga àlejò, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ìrọ̀rí, mo sì bu omi tútù síwájú rẹ̀. Nàfísátù pè é tán, ó sáré lọ dá oníbàárà lóhùn níta.

Bí ojú Máàmì Afua ṣe yọ, mo rántí Twi tí mo sọ ní Kumasi nígbà èwe mi, mo ní mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀wọ́, kí n sì tó sọ ọ́ tán mo ti nà gbalaja sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀, mo ní ọmọ mi gbóná lórí ni, kò burú nínú. Mi ò gbọ́ èsì. Mo rò pé ó fẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀ ni, mi ò sì dá a lẹ́bi, ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe kékeré. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ igbe. Ó ń ké pé Bàbá Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún, ti ṣubú, pé kí wọ́n gba òun, òun kò lé ẹnikẹ́ni mọ́. Nàfísátù sáré wọlé, ìyá rẹ sáré wọlé, ewúrẹ́ náà tẹ̀ lé wọn. Mo gbé orí sókè, mo ní mi ò tíì bẹ̀bẹ̀ tán.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní bí mo ṣe pòórá, òrùlé nìkan ni òun ń rí, àti ihò ńlá kan tí ojú ọ̀run ń gbà wọlé. Ó fi Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu yín bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ihò ni. Ó ní ta ló ni ilé. Mi ò lè purọ́ fún àgbàlagbà, mo ní ìwọ lo kọ́ ọ fún wa. Tàófíìkì, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ó ní ìwọ tí o torí òjò mú òun lọ bá ìjọba náà rèé. Ó ní ọ́fíìsì yẹn ò jìnnà sí òun, bí mo bá fẹ́, òun á bá mi fẹjọ́ onílé tèmi náà sùn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, mo ní kó ṣe sùúrù ná, kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí onílé mi.

Ó ní kí ẹ máa gbé ilé yín, pé káfíńtà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, òun fúnra òun ni yóò sì wẹ ọmọ náà bí ẹ bá bí i. Nítorí náà lọ yọ ẹjọ́ yẹn kúrò níbẹ̀, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n rí i pé o wà níbi tó ti ń rí ọ. Mo ti fi ìgò oyin kan àti irú rán dẹ́rẹ́bà tó ń já èrò sí Tudu, kí o gbé e fún un. Bí àwọn èrò bá ń fi òórùn irú náà sùn ọ́, bá wọn tọrọ àforíjì.

Ní ti ihò yẹn, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ìjì ló ṣí páànù náà, a ò sì fẹ́ dà ọ́ láàmú pẹ̀lú aboyún nílé. Bí òjò bá ṣú, èmi àti ìyá rẹ á ká ẹní lọ sí igun tó gbẹ, a ó sì máa gbàdúrà fún ọ níbẹ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó páànù àti ìṣó ránṣẹ́, àti ti káfíńtà, kí o sì fi díẹ̀ sí i fún ìyá rẹ, ó ní jìnnìjìnnì igbe ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára òun.

Ọlọ́run á sọ Sherifa kalẹ̀ láyọ̀. Ọmọ tó fẹ́ bí á dàgbà, á lówó lọ́wọ́, á kọ́ ilé fún ọ gẹ́gẹ́ bí o ti kọ́ ọ fún mi, yóò sì máa yọjú wo òrùlé rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ àti ayálégbé rẹ,
Àlàmú.