Ọwọ́ Òsì Ni Bàbá Mi Fi Gbé E Dìde

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀ ti tutù bí omi inú àmù, mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnira ọwọ́. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú wọn, ẹ kú àmúmọ́ra. Lukman àbúrò mi tó sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ifo, mo kí i o. Kó má tíì padà sí Mowe. Kì í ṣe pé mi ò ní nọ́ńbà yín ni mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Gbangba ni wọ́n ti dójú tì yín, gbangba náà ni mo fẹ́ ti bá yín sọ̀rọ̀.

Òtútù ìlú òyìnbó yìí ń jáni bí ajá. Títọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ tí mo fi ń gbọ́ bùkátà. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, èmi ni mo máa ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù láràárọ̀. Bí mo bá dé bọ́tìnnì ọrùn, inú á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí mo mọ̀ pé Ìyá mi ló ń de tiyín ní Ibafo, ẹ̀yin télọ̀ tó rán ẹ̀wù fún ìdajì àdúgbò. Arúgbó náà á bi mí pé kí ló ṣe mí. Màá ní òtútù ni.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ̀ wá, kó gbọ́. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní ní Mowe. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ẹ́sítéètì sọ pé àwọn ti ra gbogbo agbègbè náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, katapílà dé, àwọn ajagungbalẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú àdá àti irin. Wọ́n wó ògiri tí a kọ ọ́ sí lára pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Wọ́n la irin mọ́ Lukman lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi dí i lójú. Ọ̀kan nínú wọn gbé àdá sókè láti parí rẹ̀, Bàbá mi sì na ọwọ́ ọ̀tún jáde láti gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ náà já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ọwọ́ tó ń di àlùmágàjí mú ni o. Dókítà ò rí i rán mọ́ ọn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí alukoro ilé-iṣẹ́ náà fi dé ìsọ̀ yín, tí bàtà rẹ̀ ń dán. Ó gbé ìrẹsì wá, ó mú oníkámẹ́rà dání, ó sì mú arúgbó kan wá tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, kó wá bá wọn bẹ̀bẹ̀. Arúgbó náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọlúàbí wo ló máa wo ẹni tó jù ú lọ nílẹ̀ tí kò ní sáré gbé e? Ẹ fò sókè tẹ̀yin ti báńdéèjì, ẹ fi ọwọ́ òsì fà á dìde, ẹ ní kó má fi orí àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán náà ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan: wọ́n ní ará Mowe ti dárí jì wọ́n, ìjà ti parí. Wọ́n ṣá yín tán, wọ́n tún wá fi ẹ̀kọ́ ilé yín lù yín.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ alukoro gan-an ni mò ń kà níbí. Mo ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń fi ẹ̀bẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò dáhùn pé ó dára, ṣùgbọ́n àwòrán kan wà níta tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti ń gbé ẹlẹ́bẹ̀ dìde. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé kò dárí jì wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n yọ ọ̀rọ̀ Mowe kúrò. Wọ́n tún ní kí n yọ "wọ́n ṣá a", kí n fi "èdè-àìyedè" rọ́pò rẹ̀. Èdè-àìyedè! Mo la ife tíì mọ́ ògiri. Ká ní ẹni tó kọ ọ́ wà nítòsí ni, orí rẹ̀ ni ife yẹn ì bá fọ́ sí.

Nígbà tí mo nu ògiri tán, mo gbé àwòrán náà síwájú, mo wò ó dáadáa. Wọ́n ti gé apá ọ̀tún yín kúrò nínú rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọ́ mi létí nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ Ìyá Àgbà! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ òsì gbé àgbà dìde bí ọ̀tún bá wà? Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fún wọn. Ó wá ku kí ẹ fún mi láṣẹ kí n tó fi àlàyé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ yín.

Mo pè yín, ẹ ní rárá. Ẹ ní àwọn ajagungbalẹ̀ yẹn ṣì ń gun ọ̀kadà kọjá níwájú ìsọ̀, wọ́n ń fi ìka fa ọrùn láti fi hàn yín bí wọ́n ṣe máa pa yín. Ìyá mi ní òun ò ní fi ọkọ òun ra ìwé ẹ̀rí fún mi. Mo bínú sí yín, Bàbá, mi ò ní purọ́. Mo sì bínú sí ara mi jù, torí pé kò sí àdá tó lè dé ibi tí mo wà.

Ṣùgbọ́n òfin ìwádìí wa ni pé ká gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, mo sì ti kọ̀wé sí alukoro náà. Kò dá mi lóhùn. Ọ̀dọ̀ yín ló tún gbà lọ, òun àti arúgbó ìjọ́sí àti oníkámẹ́rà, pé kí ẹ bá àwọn bẹ̀ mí kí n jáwọ́. Ìyá mi ló pè mí tó ròyìn rẹ̀. Wọ́n ní arúgbó náà tún nà gbalaja, àwọn ọlọ́kadà dúró ní òdì-kejì títì, wọ́n ń wò. Ẹ ò kúrò lórí ìjókòó. Ẹ fa apá ẹ̀wù sókè, ẹ na kùkùté ọwọ́ yín sí i, ẹ ní kó sọ ọwọ́ tí ẹ máa fi gbé e.

Oníkámẹ́rà gbé kámẹ́rà rẹ̀ wálẹ̀. Arúgbó náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ dìde, kò sì lè wò yín lójú. Ẹ wá gba fóònù lọ́wọ́ Ìyá mi, ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, kí n sì kọ Mufutau télọ̀ Ibafo sí i gàdàgbà.

Mo ti fi ránṣẹ́, Bàbá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ìsọ̀ àti àwọn alájọgbé wa. Ọlọ́hun á fi àlàáfíà bo ilé yín, á sì ṣọ́ àbọ̀dé Lukman. Ní ti ẹni tó gbé àdá sókè, ọjọ́ tó bá ṣubú, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó má rí ọwọ́ tí yóò gbé e dìde. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín,
Rukayat.