Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Tábúlẹ́ẹ̀tì Gàníyù

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdu 2013

Mọ́mì pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìpàdé àárọ̀. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ilé ìwé, àtolùkọ́ àtọmọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì méjì wà lórí tábìlì wọn nínú páálí funfun. Mẹ́fà míì wà nínú ọ̀rá dúdú.

Wọ́n ní, "Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, gbogbo ọmọ tó bá wọ JSS1 gbọ́dọ̀ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, Àǹtí Ṣèyí. Ẹ lo méjèèjì fọ́sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó yẹ ká mú."

Méjì inú páálí yẹn ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwọn ọmọ olówó inú ẹ́sítéètì VGC ń gbé mọ́ àyà kiri. Mẹ́fà yòókù — ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Addo, Gàníyù, ló ń kó ẹ̀yà ara wọn wá láti China, tó ń tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Owó ẹyọ kan tàwọn olókìkí á ra márùn-ún tirẹ̀. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Ọ̀gá àti Àbúrò. Mo fi nọ́ńbà sára àwọn Àbúrò, láti ọ̀kan dé mẹ́fà.

Mo fọwọ́ sí ìwé pé ìkankan ò ní jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwé.

Inú mi dùn. Ọdún mẹ́fà tí mo ti wà níbí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan béèrè ohun tí mo rò.

Ìṣẹ́gun, 11

Bátìrì. Ọ̀gá lo wákàtí mẹ́sàn-án. Àbúrò, márùn-ún — ẹ̀yìn rẹ̀ tún ń gbóná bí ìdí áyọ́ọ̀nù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọjọ́ Àbúrò lòní. Gàníyù wá fúnra rẹ̀ — ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi kíbọ́ọ̀dù hàn wá: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìka kan péré. Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń fi bírò sàmì sórí ohun tí wọ́n bá tẹ̀.

Olúwatómisìn gba nọ́ńbà kẹrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, JSS1 ló ń wọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ìdajì owó ilé ìwé ni Mọ́mì ń gbà lórí rẹ̀ torí pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá yí i sí mi.

"Àǹtí, orúkọ mi rèé. Bó ṣe ń dún gan-an nìyí."

Ọjọ́ Ajé, 17

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti Ẹtì. Ọ̀gá ń dán, kò rí nǹkan ṣe. Àbúrò ti kó ìwé sínú tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ń kàwé tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n bí aago ìsinmi bá ti lù, Ọ̀gá ni wọ́n ń sáré sí. Wọ́n kàn fẹ́ gbé e lọ́wọ́ ni. Ìyẹn náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Tómisìn dá mi dúró lẹ́nu géètì. Onítáìsì ni wọ́n, ará Ìsẹ́yìn, ilé kan nínú VGC ni wọ́n ń tẹ́ lọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì ti sọ irun ojú wọn di funfun.

"Àǹtí, wọ́n ní oríṣi méjì ló wà. Ṣé èyí tí ò wọ́n yẹn á ṣe é? Ọwọ́ mi ò lè tó èkejì, mi ò ní purọ́ fún yín."

"Á ṣe é dáadáa, Bàbá."

Wọ́n tẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ fún mi. Àgbàlagbà! Mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde. Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjábọ̀ mi. Ojú ewé méjì. Àbúrò ni màá mú. Bátìrì lohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un, ìyẹn ò tó kéèyàn torí ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbé nọ́ńbà kẹrin lọlé. Òní nìkan.

Ẹtì, 21

Mo tún gbé e. Kì í ṣe fún iṣẹ́. Fíìmù ni mo fẹ́ wò. Kí n má purọ́ fún ìwé tèmi. Yàrá kan ni mo dá gbé ní Addo, tẹlifíṣọ̀n mi ti kú láti Ọdún Àjíǹde, mo kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n wo nǹkan bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó di Ajé kí n tó dá a padà. Màá ti débẹ̀ kí Mọ́mì tó dé.

Àìkú, 23

Ọlọ́run mi.

Mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo so ó mọ́ iná, mo wọ sùtánà mi, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn ń ràn nígbà tí mo jáde. Orin ọrẹ là ń kọ lọ́wọ́ tí òjò fi dé. Mo rántí fèrèsé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ — mo jókòó síbẹ̀. Ojú àwọn èèyàn. Ta ló ń dìde láàárín ìsìn torí fèrèsé? Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi jókòó.

Nígbà tí mo délé, omi ti kún orí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀. Nọ́ńbà kẹrin wà láàárín ẹ̀. Mo fi aṣọ funfun ara mi nù ún. Mo rì í sínú ìrẹsì gbígbẹ. Mo tún gbàdúrà lé e lórí — irú àdúrà wo nìyẹn!

Kò jí.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo parọ́.

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ń tún un sọ lábẹ́nu nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, láti Addo títí dé ojú títì márosẹ̀. Mo wọ ọ́fíìsì, mo gbé e sórí tábìlì Mọ́mì, ẹnu mi wá ní: "Ọ̀kan nínú ti Gàníyù ti kú, Mà. Ó kàn kọ̀ ni, kò tàn mọ́."

Ó kàn kọ̀ ni. Àfi bíi pé nǹkan náà ní ìfẹ́ inú tirẹ̀.

Mọ́mì fi ìka kan yí i. "Ta ló lò ó kẹ́yìn?"

Ìwé tí àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ mi. Ẹtì, nọ́ńbà kẹrin: Olúwatómisìn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn na ìwé náà sí wọn.

Kí wá ni ìyàtọ̀?

Ìṣẹ́gun, 25

Gàníyù wá gbé e. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sétí, ó mì ín. "Kò ṣe irú èyí rí, Àǹtí." Mi ò lè wò ó lójú. Ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e, ó lọ.

Ọjọ́rú, 26

Mo tún ìjábọ̀ kọ. Ojú ewé méjì ti di ẹyọ kan. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlà tó kẹ́yìn: *kò ṣe é gbára lé.*

Ẹtì, 28

Ìpàdé òbí. Gbọ̀ngàn kún. Mọ́mì ka ìjábọ̀ mi sókè, ohùn wọn dùn bí ìgbà tí wọ́n ń ka Bíbélì. Ọ̀gá là ń mú. Wọ́n ní kí n dìde kí àwọn òbí rí mi. Mo dìde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi!

Ọwọ́ kan gòkè lẹ́yìn pátápátá. Bàbá Tómisìn. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ bùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Lẹ́nu géètì níjọ́sí, ẹ sọ fún mi pé á ṣe é."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

"Bá a ṣe rò ó kọ́ ló rí, Bàbá."

"Àh." Wọ́n jókòó. Wọn ò bínú. Wọ́n gbà mí gbọ́ — òun gan-an ló ń jẹ mí nínú.

Ọjọ́ Ajé, 1 Agẹmọ

Gàníyù pè mí lásìkò ìsinmi. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Àǹtí, mo ti tú u. Omi òjò ló wọ inú ẹ̀. Mo tún dọ́gbọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀: lọ́sàn-án Sátidé, ẹnì kan wo fíìmù lórí ẹ̀. Ṣé ilé ìwé yín máa ń ṣí ní Sátidé ni?"

Mo gbé fóònù jáde sẹ́yìn kíláàsì.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé méjì míì ti gbọ́, wọ́n ti dá ọjà mi padà. Àwa mẹ́rin là ń jẹun níbí, Àǹtí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́."

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ọjọ́rú, 3

Àga Tómisìn ṣófo láti Ajé. Àwọn ọmọ ní kò padà wá mọ́.

Ẹtì, 5

Mo sọ fún Mọ́mì. Gbogbo ẹ̀ — ilé mi, fíìmù, fèrèsé, òjò. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo ti múra pé wọ́n á lé mi. Àní mo ń retí ẹ̀, kó ṣáà parí.

Mọ́mì bọ́ awò ojú wọn.

"Dìde, Ṣèyí. Omi wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀ lọ́jọ́ tó o gbé e wá. Ṣé o rò pé mi ò rí i ni?"

"Ẹ rí i, Mà?"

"Mi ò lè gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Addo síwájú àwọn ará VGC. Kò báà dára ju tọ̀hún lọ. Wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbòmíì. Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ò ní dà bíi pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú aláìní. Ìwọ lo bá mi wá ọ̀nà ẹ̀." Wọ́n gbé awò ojú padà. "Ká má tún sọ ọ́ mọ́. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ìwọ lo máa jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà — èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ìgbà kankan tí Àbúrò fi lè borí. Bátìrì, kíbọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta — eré lásán ni gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyẹn tù mí nínú. Kò tù mí. Mọ́mì nìkan kọ́ ló ní ẹ̀bi. Èmi ni mo dìde nínú gbọ̀ngàn.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo kọ ìjábọ̀ tòótọ́. Ojú ewé mẹ́ta, pẹ̀lú fíìmù, pẹ̀lú òjò, pẹ̀lú orúkọ mi nísàlẹ̀. Mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún Mọ́mì. Mo gbé èkejì lọ fún Gàníyù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kà á lórí ìdúró. Ó ní, "Ẹ ò kọ pé ó máa ń gbóná. Ẹ fi sí i." Mo fi sí i. Ó ní òun á gbé e lọ fáwọn ilé ìwé méjì yẹn, bóyá wọ́n á gbọ́, bóyá wọn ò ní gbọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ: "Ṣé ẹ ti rí ọmọ yẹn?"

"Ọmọ wo?"

"Èyí tó ń lò ó. Orúkọ ẹ̀ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́."

Ọjọ́rú, 10

Mọ́mì dá ìjábọ̀ padà láìṣí i. Lẹ́tà kan wà lábẹ́ ẹ̀: kí n má padà wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà.

Àbámẹ́ta, 13

Mo wọkọ̀ lọ Ibeju-Lekki. Ibẹ̀ ni sáìtì tuntun tí bàbá Tómisìn ti ń ṣiṣẹ́. Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi òòlù rọ́bà gbá táìsì jókòó. Mo sọ ọ́ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú èèyàn ni mo ti parọ́. Wọ́n ń gbá táìsì lọ títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀yin lẹ ní á ṣe é," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kò ṣe é. Mo sì sọ fún ìyá mi pé tíṣà kì í tan èèyàn."

Mo béèrè Tómisìn. Ó ti wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, wọ́n ti fi í sílé ìwé ìjọba níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní òun ò padà sílé ìwé wa mọ́, pé àwọn rò pé torí tábúlẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi yẹn ni.

"Òun ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún. Kì í ṣe èmi." Wọ́n tẹ nọ́ńbà, wọ́n na fóònù sí mi.

"Ẹ káàsán, Àǹtí." Kí n tó la ẹnu: "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo pa á dáadáa kí n tó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mọ́mì pè mí, wọ́n fi orúkọ mi hàn mí nínú ìwé. Wọ́n ní kí n má sọ fún bàbá mi, pé àwọn ti forí jì mí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó fi bà jẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń gbé e kiri.

"Tómisìn, ìwọ kọ́. Èmi ni. Mo gbé e lọ sílé mi, òjò pa á."

 

"Èmi kọ́?"

"Ìwọ kọ́."

Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, àti ohùn rẹ̀ tó ń jìnnà lọ: "Màmá! Màmá, èmi kọ́ o! Èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́!"

Kò padà wá sórí fóònù. Mo dì í mọ́ etí títí owó inú ẹ̀ fi tán. Bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ṣòkòtò nù ún, wọ́n fi í sápò. Wọ́n kúnlẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó, kò sẹ́ni tó ní kí n máa lọ.