Èèpo Ìwé Tí Mo Fi Wé Ife

Adájọ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, àti pé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, a sì ń jẹun. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà yìí bá ọ, jọ̀ọ́ ká a pọ̀, kí o dé ilé kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Orí fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà sọ ọ́. Mo pè ọ́, mo sì yára pa á kó tó dún lọ́dọ̀ rẹ. Ẹnu mi kò gbé e, ni mo ṣe ní kí ọwọ́ bá mi sọ ọ́.

Àwa la sọ ọ́ ní Adájọ́ nítorí bí o ṣe máa ń parí ìjà àwọn ọmọ àdúgbò nígbà tí o kò tíì ga tó tábìlì. Lónìí, èmi bàbá rẹ ni mo dúró níwájú rẹ, n kò sì ní lọ́yà.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn ún gbọ́. A ti kó wọ ilé tuntun. Yàrá méjì ni, àti ilé ìdáná kan tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ bá wà níbẹ̀, èmi ní láti dúró síta. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí kò sí àtẹ̀gùn tí eékún rẹ̀ yóò máa bá jà mọ́. Fèrèsé wa kọjú sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, ariwo àwọn ọmọ ni aago wa láàárọ̀. Kò sí àyè fún iṣẹ́ ìwé dídì mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìgéwé fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níjọ́sí. Abẹ́rẹ́, òwú, àti pátákó méjì tí mo fi ń fún ìwé pọ̀ nìkan ni mo mú dání. Ì bá dára ká ní mo ti gbé ẹ̀rọ yẹn jáde nílé ṣáájú kí n tó fi ṣe iṣẹ́ tí mo fi ṣe gbẹ̀yìn.

O rántí ọjọ́ tí o gbọ́ pé a fẹ́ kó. O pè mí, o ní àwọn ìwé aláwòrán rẹ, àwọn kọ́míìkì tí o ti ń kó jọ láti kékeré, ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ, kí n jọ̀ọ́ bá ọ tọ́jú wọn. O ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí n ti páálí pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ká, kí n tò wọ́n ní ìdúró sínú àpótí, kí oòrùn má rí wọn, kí omi má dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí, o ní kí n má ṣe nǹkan mìíràn sí wọn. O tún un sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, pé ta ni yóò kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bébà? Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ̀yin ni mo fi lé lọ́wọ́ o, Bàbá mi." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo rí àwọn ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, àánú wọn ṣe mí. Wáyà tín-ín-rín tó di àárín wọn mú ti ń dípẹtà. Mo ní, ọ̀rá kẹ̀? Ṣé ẹran ni, tí a óò máa dì í sí ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo ní ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ yìí. Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà ṣe é nínú iṣẹ́ wa bí wọ́n bá kó ìwé ìròyìn wá pé ká dì í pọ̀. A ó fa wáyà yọ. A ó bọ́ èèpo ẹ̀yìn ìwé kúrò. A ó yọ gbogbo ojú ewé tí ìpolówó ọjà bá wà lára rẹ̀, kí ìdì má baà sanra jù. A ó wá rán ìyókù pọ̀, a ó fi gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, a ó gé etí rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta kó gún, a ó sì fi páálí líle àti aṣọ bò ó. Ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé ni mo ń ṣe é fún, kò sì sẹ́ni tó dá a padà rí. Ohun tí mo ṣe sí ìwé rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Gbogbo wọn. Aṣọ pupa tó dára jù lọ́wọ́ mi ni mo fi bò wọ́n, mo sì tẹ orúkọ Adájọ́ sí wọn lẹ́yìn pẹ̀lú àwọ̀ góòlù. Orí mi wú. Mo ti ń rò ó bí omijé ayọ̀ yóò ṣe bọ́ lójú rẹ.

Àwọn ojú ewé ìpolówó bá àwọn akólẹ̀ lọ. Èèpo ìwé ni mo ní kí n má fi ṣòfò. Bébà tó nípọn tó sì ń dán ni, ìwé ìròyìn tí a fi ń di ẹrù sì ti tán. Ìyá rẹ ti lọ dágbére fún àwọn aládùúgbò. Mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, mo fi wọ́n wé ife àti àwo, mo rún wọn mọ́ra dáadáa kí nǹkan kan má baà fọ́. Òótọ́ ni, kò sí ife kan tó fọ́.

Ní ilé tuntun, ìyá rẹ ló ń tú àwọn ife náà. Mo ń gbọ́ orin tó ń kọ láti inú yàrá. Nígbà tó yá, orin dákẹ́. Mo pariwo pé, èwo ló fọ́? Nígbà tí mo yọjú sí i, ó ti tẹ́ bébà kan sórí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Ó ní, "Bàbá Adájọ́, orúkọ ọmọ yín ló wà níbí."

O mọ èyí tó jẹ́. Kọ́míìkì tí ìwọ fúnra rẹ kọ, tí o sì ya gbogbo àwòrán rẹ̀ ni, àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún ọ. Èmi àti ìwọ kì í dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí o fi iṣẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀ tí o ní àwòrán ni o fẹ́ máa yà, mo bínú, mo ní ọmọ mi fẹ́ fi eré ọmọdé jẹun. Bí ìwé yẹn ṣe jáde, o gbé e wálé fúnra rẹ. Ìyá rẹ gbé e jó yípo ilé. Èmi wà nídìí iṣẹ́, n kò gbórí sókè, mo kàn ní, "Mo ti rí i." N kò rí i. O dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà o lọ kó o mọ́ àwọn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà a ti padà ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín, à ń bira wa léèrè àlàáfíà, ṣùgbọ́n a kì í dé ibẹ̀.

Lórí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti wá rí i. Àwòrán bàbá arúgbó kan tó tẹ orí ba sórí iṣẹ́ ni, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, ó ń fi eyín gé òwú. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ní àlẹ̀mọ́, èyí tí ìyá rẹ máa ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tú. Ibi tí mo ti rún bébà náà mọ́ ife ti la ojú bàbá yẹn kọjá. Ojú tì mí. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ara mi sí nínú ilé kékeré yìí. Ìyá rẹ kò bú mi. Ó padà sídìí àpótí, ó ń tú èèpo ìwé yòókù lára ife, ó ń tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Mo wá ṣí àwọn ìdì aláṣọ pupa tí mo ń fi yangàn. Àwòrán tó gba ojú ewé méjì ti rì sínú ibi tí mo rán. Níbi tí mo gé, mo ti gé orí àwọn kan kúrò, mo ti gé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mìíràn sí méjì. Mo pe ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó kọ́míìkì, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, mo bi í pé irú ìwé báyìí ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n gé etí wọn kẹ̀?" Ó ní kí n bá òun kí ẹni tó ni wọ́n, bí ẹni tó ń kí ẹni tó ṣòfò. Mo ti tú gbogbo ohun tí mo rán. Mo fi aṣọ tútù àti pátákó mi tẹ àwọn èèpo náà, wọ́n ti tẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìrúnpọ̀ ò lọ. Ẹni tó mọ bébà ni mí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kí n tún wá sọ èyí tó burú jù. Mo ti fẹ́ purọ́ fún ọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ: òjò ká ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọ̀nà, tapólì rẹ̀ ya. Mo tilẹ̀ gbé e dán wò lójú ìyá rẹ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó ṣe é, kó lè mọ ẹni tó máa dárí jì." Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Ìwé bíbàjẹ́ nìkan kọ́ ló ń ti mí lójú. Gbogbo wọn ló kọjá lọ́wọ́ mi, mo bọ́ èèpo wọn, mo gé wọn, mo rán wọn, n kò wo ojú ọ̀kan ṣoṣo. Ìwọ tí mo bí wà láàárín wọn, mo sì fi ọ́ wé ife. Má ṣe tètè dárí jì mí nítorí pé mo dàgbà. Bínú sí mi bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà kí o wá sílé. Mo ti kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, páálí wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì wà ní ìdúró.

Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lórí iṣẹ́. Kí ojú rẹ má ṣú. Kí ohun tí o bá fi ọkàn ṣe má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ̀ mọ́, àní bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá rẹ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àtijáde àti àtiwọlé rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò lè gbójú sókè wò ọ́.

Àfikún: Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo ń sá fún. Nígbà tí mo tú ìwé tìrẹ, mo jókòó, mo kà á. Bàbá inú ìtàn náà lé ọmọ rẹ̀ jáde, ọdún sì gorí ọdún. Mo kà á dé ibi tí ọmọ náà ti padà wá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kanlẹ̀kùn, tí bàbá gbórí sókè nídìí iṣẹ́. Ojú ewé kan ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìpolówó ọṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti dà á nù. Ìyá rẹ mọ bó ṣe parí, ó ní òun kò ní sọ fún mi, pé kí n bi ọ́ fúnra mi. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ó ṣílẹ̀kùn fún un?