Sípíríǹgì Má-fòyà Lábẹ́ Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Ká

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun, ṣé ọ̀gá ibiṣẹ́ rẹ ò tún jágbe mọ́ ọ? Èmi àti bàbá rẹ wà láàyè, a dúpẹ́, àfi orúnkún wọn tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ohun tí o ń wá kò ní gba ẹ̀yìn rẹ kọjá. Àmín.

Kẹ̀kẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ti dé. O ṣeun, o ò ní ṣe àṣedànù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ń ká? Láti ìgbà tí o wà nínú mi ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gbẹ̀bí, mi ò rí èyí tó ń tẹ̀ lágbedeméjì bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì rí. Bàbá rẹ ní torí kí n lè gbé e wọ yàrá ni. Mo ní kí ló máa wá ṣe ní yàrá?

Fọ́ọ̀mù kan tún wà nínú páálí rẹ̀, pé kí n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, kí n sì buwọ́ lù ú, tí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ kó tó pé ọdún méjì, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Ilé wa ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo kọ orúkọ àbúrò bàbá rẹ tó ń bá wa du ilẹ̀ sí i, kí wọ́n lọ gba tiẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni mo fi ìdí kà. Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ẹ̀yìn ilé ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní Má-fòyà, torí bí kẹ̀kẹ́ èèyàn bá já sí mẹ́ta, á ní ẹ má fòyà. Ẹni tó bá ní kí n má fòyà, òun gan-an ló máa ń fò mí láyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi rọ́bà kékeré kan hàn mí lẹ́yìn, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká, ó rí bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò dé ìdajì. Ó ní rọ́bà yẹn le, ọ̀nà títẹ́jú ló wà fún, eré ló mọ̀. Ó ní tí òun bá yọ ọ́, tí òun fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀, eré á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí mi á sinmi. Mo ní ta ló sọ fún un pé ìbàdí ń dùn mí? Ó wá fi ọkùnrin kan hàn mí nínú fóònù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo tún gèlè mi wé, mo kí ọkùnrin náà. Kò dáhùn. Látibẹ̀ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ká sọ òótọ́, nígbà tó ṣe é tán, ó rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àmọ́ kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti fẹ́ bímọ, pé èmi ni màá gbẹ̀bí rẹ̀, pé a ti di ọ̀kan. Ó sì mú rọ́bà mi lọ sílé! Mo ronú títí, mo ní rọ́bà yẹn ló níye lórí. Nígbà tí mo lọ béèrè rẹ̀, ó gbé e fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù. Bí bàbá rẹ ṣe sùn lọ́sàn-án, mo mú sípánà àti ọ̀bẹ ìdáná, mo yọ sípíríǹgì, mo jù ú sínú báàgì mi, mo dá rọ́bà padà. Bóòtù irin kan ṣẹ́kù nílẹ̀. Mo ní àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ènì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Má-fòyà pe fóònù bàbá rẹ pé ìyàwó òun ti ń rọbí. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára ọmọbìnrin yẹn. Mo gbé báàgì mi, mo sáré gun kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ọlọ, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yọ, ó ká mọ́ mi lábẹ́. Mo bá ara mi nílẹ̀, orúnkún ń ṣẹ̀jẹ̀, sísọ́ọ̀sì mi ti fò wọ gọ́tà. Mo ṣa ẹrù mi, mo tiro dé ibẹ̀.

Orí ọmọ ti yọ kí n tó wọlé, okùn ìwọ́ sì ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo fi ìka yọ ọ́. Ọmọ jáde, kò ké. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo ń fi aṣọ ra á lẹ́yìn, mo ń sọ nínú mi pé bí ọmọ yìí bá lọ, ìfura mi ló pa á. Ìgbà tó yá ló ké. Má-fòyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, òun náà ké.

Nígbà tó rí orúnkún mi, ó béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti bóòtù. Ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ wá, ó dá sípíríǹgì padà, ó fún bóòtù rẹ̀ le, ó fọwọ́, ó wá gbé ọmọ rẹ̀. Mo ní kó máà bínú. Ó ní ẹ má fòyà. Ọmọ mi, ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Má sọ fún bàbá rẹ o, wọ́n rò pé òkúta ló gbé mi ṣubú.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra sísọ́ọ̀sì tuntun. Má fi sínú fóònù o, obìnrin inú rẹ̀ máa ń ka iye owó sókè, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Di í sínú ìbọ̀sẹ̀, kí o fún awakọ̀, kí o ní oògùn ẹ̀fọ́rí ni.

Ọlọ́run á fi ẹni rere yí ọ ká, á sì jẹ́ kí o tètè dá wọn mọ̀ ju èmi lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ