Adé Àníọlá Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ilé Lọ́wọ́ Wa

Rẹ̀míláyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkun tó ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Lẹ́kkí Phase 1 rí yín mú. Àwa náà wà níbí, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ewúrẹ́ ti bí méjì, ẹja sì ti wọ́n nínú ọ̀sà láti ìgbà tí wọ́n ti ń da iyanrìn dí i. O mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo kà dé, bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ Àníọlá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti Sátidé tí o ti mú un wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ni kò ti fẹ́ bọ́ kaba píǹkì yẹn, adé rọ́bà tó ń kọ mànà náà kò sì kúrò lórí rẹ̀. Mo ní kó wá bá mi ṣa ẹja, ó ní ọmọ ọba kì í fọwọ́ kan ẹja. Mo bi í pé ta ló sọ ọ́ di ọmọ ọba. Ó ní ìwọ ni, pé ẹ kọ ọ́ sórí kéèkì ọjọ́ ìbí òun, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Rẹ̀mí! Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, tí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀! Ṣé o ti gbàgbé pé àlejò ni wá nílùú yìí ni? Ìdílé ọba ló fún bàbá bàbá rẹ ní ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, àdéhùn sì ni pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́.

Mo fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ Ajé ọmọ rẹ lọ jókòó sórí àga Kábíyèsí ní ìloro ààfin, ó na igi kan tó ní ìràwọ̀ lórí sí Ràṣídì, akọ̀wé ìdílé ọba, ó ní òun ti sọ ọ́ di ọ̀pọ̀lọ́. Ràṣídì kò rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ ilẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́rùn wọn ní kóòtù láti ìgbà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì ti kọ́ Ṣàngótẹ̀dó kún tí wọ́n wá kọjú sí wa. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ rán. Ó pè mí sí ìpàdé ní Ọjọ́rú.

Mo gbé obì dání, mo fa Àníọlá lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n wo ọrùn kaba rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ṣáínà ni wọ́n ti rán an. Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ ọba lóòótọ́, a jẹ́ pé ọba Ṣáínà ló ni ín, kó lọ gba ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa kò bá wọn du ti ibí. Ràṣídì ní kí n má fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ kẹ̀, ẹkún ni mo ń sun.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Nùsírátù, àkọ́bí Kábíyèsí tó wàjà, fi ti ibi tó ti ń yan ẹja dé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èéfín, ìpẹ́ ẹja kún ara ìró rẹ̀. Ó bi Àníọlá pé iṣẹ́ wo ni ọmọ ọba ń ṣe. Ọmọ rẹ ní ọmọ ọba máa ń dúró ni, títí ọmọkùnrin tó rẹwà yóò fi gun ẹṣin funfun wá mú un. Ìyá Nùsírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ẹṣin, nínú iyanrìn yìí? Ó ní ọmọ ọba lòun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ òun gbé wá, ó ń jò, òun gan-an lòun gbọ́n omi inú rẹ̀ títí dé ilé ọkọ.

Àníọlá wò ó títí. Ó bi í pé kí ló dé tí kò ní adé. Ìyá ní ọkùnrin nìkan ló ń dé e nílùú àwọn. Ni ọmọ rẹ bá ṣí adé orí rẹ̀, ó ní kí ìyá bẹ̀rẹ̀, ó sì fi dé e lórí gèlè èéfín yẹn. Ìyá Nùsírátù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fọwọ́ kan adé náà, ó kọjú sí Ràṣídì, ó ní ẹni tó bá lé ọmọ tó dé òun ládé kúrò nílé, òun ni yóò bá rojọ́. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Kò sì tíì ṣí i lórí di òní, ó dé e lọ sọ́jà Ajah.

Ìdí ààrò ni Àníọlá ń bá a jókòó báyìí, ó ń yí ẹja lórí wáyà. Iná ti lu kaba náà níhò mẹ́ta. Ó ní òun ṣì ni ọmọ ọba, pé ibi iṣẹ́ lòun wà.

Jọ̀wọ́, má fi owó sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi sí i lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn fóònù wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi owó díẹ̀ rán èèyàn sí mi, kí n fi ra obì mìíràn lọ dúpẹ́ ní ààfin. Kí o tún bá mi ra adé rọ́bà kan. Kì í ṣe ti Àníọlá. Lọ́jọ́ kan tí Àníọlá ń wẹ̀, kó tó di pé ó fi tirẹ̀ dé Ìyá Nùsírátù, mo yọ́ gbé e dé, mo wo dígí. Rẹ̀mí, ó yẹ mí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó pè mí lọ́mọ ọba rí, àní nínú eré. Inú yàrá ni n ó ti máa dé e, n ó ti ilẹ̀kùn, kí Ràṣídì má baà rí i.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ rẹ yóò dé ọ ládé tí kì í ṣe ti rọ́bà. Àṣẹ.

Ìyá rẹ nílé.

Ra èyí tó fẹ̀ díẹ̀, irun mi ṣì pọ̀.